Wọ́n Fi Oorun Ra Oòrùn

Ní Winnipeg, ní òru Sátidé kan nínú oṣù Ẹ̀rẹ̀nà,
aago méjì òru ò dé rárá.
Ó ku ìṣẹ́jú kan kó lù, ló bá di aago mẹ́ta.
Mo wà lẹ́nu iṣẹ́, mo fojú ara mi rí i
lójú kọ̀ǹpútà yàrá pàjáwìrì:
wákàtí kan yọ́ bí iyọ̀ inú omi,
ẹnikẹ́ni ò béèrè rẹ̀.
Akọ̀wé tó ń ṣírò owó wa nìkan ló rántí,
ó yọ ọ́ kúrò nínú tèmi.

Wọ́n ní nítorí oòrùn ni,
kó lè pẹ́ kó tó wọ̀ nírọ̀lẹ́,
kí ọmọdé ráyè gbá bọ́ọ̀lù.
Mo rẹ́rìn-ín sínú:
oorun ni wọ́n gbà lọ́wọ́ wa
kí wọ́n tó fún wa ní oòrùn.
Àmì ohùn méjì péré ló yà wọ́n,
ó kéré bí ojú abẹ́rẹ́ lára awọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rán.

Àkùkọ bàbá mi ní Ìlá
kò gbàṣẹ lọ́wọ́ ìjọba kankan.
Ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́ lójú rẹ̀ ló ń kọ.
Ẹ lè yí ọwọ́ aago;
ẹ̀jẹ̀ tó ń yípo nínú ara, ta ni yóò bá yín yí i?

Ọjọ́ Àìkú ṣe bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀.
Àwọn kan pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n fi ṣẹ̀fẹ̀.
Ọjọ́ Ajé ni gbèsè wá kanlẹ̀kùn.

Dmytro Hrynchuk, ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin,
tó ń fi pátákó pupa dá ọkọ̀ dúró
kí àwọn ọmọ iléèwé lè sọdá,
ti dé ìdí iṣẹ́ ṣáájú wọn, bó ti máa ń ṣe.
Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ojúmọ́ ti máa ń mọ́ níbẹ̀ ní irú àkókò yẹn.
Ọkọ̀ akẹ́rù kan ń bọ̀ láti ọ̀nà Pembina.
Réal tó ń wà á kò mutí, kò di fóònù mú.
Òrùlé ló ń kàn jẹun. Ọmọ tuntun wà nílé rẹ̀,
wákàtí mẹ́rin ló ń rí sùn, wọ́n tún yọ ọ̀kan níbẹ̀.
Ìpéǹpéjú rẹ̀ pàdé.
Kò tó àkókò tí èèyàn fi ń pe orúkọ ara rẹ̀.

Wọ́n gbé bàbá dé bí iṣẹ́ òru mi ṣe ń parí lọ.
Egungun itan. Egungun ìbàdí.
Mo ń fi àlùmọ́gàjí gé ṣòkòtò rẹ̀
nígbà tó di ọwọ́ mi mú: "Aago mélòó ló lù?"
Mo wo ògiri. Kò tíì sẹ́ni tó yí aago ibẹ̀.
"Aago méje kù díẹ̀," ni mo wí, bí mo ṣe rí i.
Ó mí kanlẹ̀.
"Ó dáa. Àwọn ọmọ ò tíì dé ojú títì nígbà náà."
Èmi ò tún un ṣe.

Réal jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì
bí ẹrù tí ẹlòmíì ní kó bá òun dì mú.

Lọ́dọọdún, lọ́sẹ̀ yìí,
Dókítà Venkataraman máa ń ní ká gbé ẹ̀jẹ̀ kún ẹ̀jẹ̀ nínú fíríìjì.
Kò sọ ìdí rẹ̀ rí.

Tó bá di oṣù Bélú, wọ́n á dá wákàtí náà padà,
wọ́n á ní, gbà, tìrẹ rèé.
Itan Dmytro ò ní bá a bọ̀.
Ilẹ̀ á sì wá máa ṣú kí ará ibiṣẹ́ tó délé,
àwọn tó wọ ẹ̀wù dúdú á máa sọdá nínú òkùnkùn.

Kí n tó lọ sílé, mo gun àga,
mo yí ọwọ́ aago ògiri náà síwájú.
Ó fúyẹ́.
Ìka kan péré ni mo fi yí i.