Eegun Ẹja Nínú Igi

Òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án láìmí,
iyọ̀ inú àwo ti domi, ibùsùn ń rùn bí olú,
nígbà tí mo gbọ́ gbàù! lóru nínú yàrá kejì.
Mo ní ológbò aládùúgbò ló ti ìkòkò ṣubú.
Ológbò ni lóòótọ́,
àmọ́ èyí tó ti kú ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn ni:
awọ ojú ṣámísẹ́n mi ló fà ya
láti igun dé igun, bí ẹnu ẹni tó ń yán.

Ẹ̀bi mi ni. Mo gbàgbé afárá kékeré sábẹ́ okùn.
Masue sì ti wí, ó wí títí ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bó:
"Bí o bá ti lù ú tán, yọ afárá,
jẹ́ kí awọ náà sinmi.
Ta ló ń ru ẹrù sùn?"

Ọjọ́bọ̀ la máa ń pàdé ní èbúté Hachinohe,
lókè ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan tó ti kógbá sílé,
àwa mẹ́rin àti fáànù ògbólógbòó tó ń húkọ́.
Tokuji, tó fi ogójì ọdún já tíkẹ́ẹ̀tì nínú ọkọ̀ ojú irin,
ń lu okùn títí dòní bí ẹni ń já tíkẹ́ẹ̀tì.
Kanna, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, kì í sọ̀rọ̀,
ṣùgbọ́n bí ohùn bá fi ìwọ̀n irun kan yẹ̀, yóò gbọ́.
Èmi Fumiyo, agẹja-lórí nílé iṣẹ́ alágolo,
ìgbà tí mo pé ọgọ́ta ni mo tó dara pọ̀ mọ́ wọn.
Ìka mi ti le. Ọdún kan gbáko
ni mo fi kọ́ bí a ṣe ń di abẹ̀bẹ̀ igi náà mú,
èyí tí a fi ń lu okùn tó tún ń lu awọ,
kí ó má dà bí ọ̀bẹ lọ́wọ́ mi.
"Rọra, Fumiyo," Tokuji á ní, "kì í ṣe sàdíìnì."

Mo fi aṣọ wé òkú náà, mo gbé e lọ bá wọn nínú òjò.
Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Tokuji ṣí fìlà.
Masue fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ rẹ etí awọ,
ó ń ṣí i díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń tú báńdéèjì lójú egbò.
Ó ní, "Wò ó."

Nínú igi lọ́hùn-ún, níbi tí ojú kì í dé,
ẹnì kan ti fín ilà wọnú ilà,
ẹ̀ka lápá ọ̀tún, ẹ̀ka lápá òsì,
ṣóńṣó, ṣóńṣó, yíká gbogbo inú rẹ̀:
eegun ẹja.
Láti ọdún tí mo ti ń da eegun ẹja sínú garawa,
n kò mọ̀ pé òun náà ni mo ń gbé sáyà.
Masue ní torí ohùn ni wọ́n fi fín in,
kí ó lè máa ta láti ògiri dé ògiri.
Ó lè rí bẹ́ẹ̀.
Èmi ń ro ẹni tó jókòó fín in,
tó mọ̀ pé awọ ni wọn yóò fi bò ó mọ́lẹ̀,
tí kò sì torí ìyẹn kánjú.

A ro ìyẹ̀fun ìrẹsì bí ẹ̀kọ títí ó fi ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́.
Awọ tuntun náà, ọ̀rá ni, ilé iṣẹ́ ló ṣe é.
Masue fajú ro: ó ní ọ̀rá kò mọ ẹkún sun.
Kanna sọ̀rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́sẹ̀ náà:
"Ológbò kan ti tó."

A fi okùn àti èèkàn fà á títí ó fi le.
Lọ́jọ́bọ̀ kejì, a so okùn sẹ́dà mẹ́ta sí i,
pupa rúsúrúsú, ata ilẹ̀ pupa ni wọ́n fi pa á láró.
Mo lu èyí tó nípọn jù lẹ́ẹ̀kan.
Húùùn, bí yànmùyánmú nínú ìgò.
Kanna mi orí: ìwọ̀n irun kan.
Mo yí èèkàn.

Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, mo yọ afárá, mo fi sápò.
Nínú bọ́ọ̀sì, ìka mi ń wá a kiri,
ó rí i, ó tún ń wá a.