Ìdẹ́nà Lápá Òsì

Ogún ọdún ni mo ti ń gún ewúrẹ́ lábẹ́rẹ́
nílé ẹ̀kọ́ gíga àwọn àgbẹ̀ ní Kétu.
Mo mọ ibi tí awọ ti máa ń rọ̀ lẹ́yìn èjìká,
mo mọ bí a ti í fi orúnkún há àgbò mọ́ ògiri,
bí a ti í bá a sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́
títí abẹ́rẹ́ yóò fi wọlé, tí yóò fi jáde,
tí òun ṣì ń jẹ ewé lẹ́nu.
Ìyá Àgbò ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè mí.

Lónìí, èmi gan-an ni àgbò.

Wọ́n fi ìwé pè mí sí Bàhíà, lókè òkun,
kí n wá sọ ohun tí mo mọ̀ nípa àrùn ewúrẹ́.
Ìwé ìrìnnà ti wà. Owó ọkọ̀ òfuurufú ti wà.
Ó ku ìwé pẹlẹbẹ kan, aláwọ̀ ìyeyè,
tí yóò jẹ́rìí pé ibà pọ́njú kò bá mi rìn.

Mo ní mo ti gba abẹ́rẹ́ náà rí, ní kékeré.
Nọ́ọ̀sì Ṣàbí, ọmọ Ṣábẹ̀,
tó máa ń fa ọ̀rọ̀ bí ẹni ń fa okùn kànga,
ní, "Ìwé ẹ̀ dà?"
Mo tẹ màmá mi láago lọ́nà Ìlárá,
níbi tó bí mi sí lẹ́bàá ọ̀nà, tí mo fi ń jẹ́ Àbíọ́nà.
"Ìwé kẹ̀? Ikán ti jẹ ẹ́ mọ́ àpótí ìgbéyàwó mi.
Ṣùgbọ́n mo rántí o.
Ti ikọ́ àwúgbẹ, ọjọ́ tí ẹlẹ́dẹ̀ Dàǹsí wọ oko wa ni.
Ti èéyi, òjò àkọ́rọ̀ ló pa wá bọ̀.
Ti ibà pọ́njú... dúró ná...
o bu obìnrin tó gún ọ jẹ lọ́wọ́!"
Mo sọ ọ́ fún Ṣàbí. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.
"Pápákọ̀ òfuurufú ò mọ màmá rẹ."

Mo jókòó. Lórí bẹ́ǹṣì kan náà,
Báyánnà tó ń ṣọ́ ilé ìkówèésí ká apá ẹ̀wù sókè,
ó wá gba ti ipá, ìṣó òrùlé ló gún un lẹ́sẹ̀.
Ọmọ ọdún kìíní kan, ó ga bí ọ̀pẹ,
kígbe kí wọ́n tó fi òwú kàn án.
A rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín,
ọwọ́ mi sì ń gbọ̀n nínú àpò.

Bàhíà. Wọ́n ní orúkọ Kétu ń bẹ lẹ́nu wọn níbẹ̀ dòní.
Àwọn tí wọ́n kó lọ síbẹ̀ láyé ọjọ́un,
ta ló bi wọ́n léèrè ìwé?
Ta ló ní kí wọ́n fara balẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá?

Ó gún mi. Kò dùn mí tó bí mo ti rò.
Ó lu òǹtẹ̀ mọ́ ìwé, pàù:
"Ọjọ́ kẹwàá ló tó di ìwé. Má tètè wọkọ̀."

Mo gba Àkábà Ìdẹ́nà kọjá lọ sílé.
Odi ti di ilẹ̀, koríko ti bo yàrà,
ẹnu ọ̀nà yẹn ṣì dúró.
Àwọn tó mọ odi náà
kò dúró de ariwo ogun kí wọ́n tó po amọ̀.

Lóru ọjọ́ kẹta, ara mi gbóná díẹ̀.
Apá òsì wúwo. Mo dùbúlẹ̀, mo ń gbọ́
bí ẹni pé àwọn kan ń po amọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ mi,
wọn ò kọrin, wọn ò bèèrè omi.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo lọ sí ọgbà ẹran.
Àgbò ńlá rí ṣíríńjì, ó fẹ̀yìn rìn.
Mo ká apá ẹ̀wù mi sókè, mo fi ojú abẹ́rẹ́ hàn án.
Ó gbóòórùn rẹ̀,
ó jẹ bọ́tìnnì mi kan.