Àtẹ̀gùn Mẹ́sàn-án

Èmi ni mo mọ àtẹ̀gùn náà, èmi fúnra mi,
lọ́dún tí mo kọ́kọ́ gba iṣẹ́ ńlá l'Ádó, tówó rọ̀ mí lọ́wọ́.
Òkè ni gbogbo Ẹ̀fọ̀n. Ilé tí kò bá gun òkè, òkè a gùn ún.
Mo to búlọ́ọ̀kù lé búlọ́ọ̀kù, mo fi símẹ́ǹtì pupa dán an,
mẹ́sàn-án géérégé. Ará àdúgbò ní, "Ilé ọmọ Fálúà mà ga o!"
Inú mi dùn sí gíga.
N kò ro orúnkún mọ́ ọn.

Lọ́dún yìí, Yèyé jókòó sójú fèrèsé láti Ṣẹẹrẹ dé Ẹ̀bìbì.
Mo ní, "Ẹ jẹ́ n pọ̀n yín sọ̀kalẹ̀, kẹ́ ẹ lè yáàrùn."
Ó wò mí bí ẹni ń wo ọmọ tó tọ̀ sórí ẹní:
"Òkú là ń gbé jáde. Bí mo bá kú, ẹ ó gbé mi."

Mo ránṣẹ́ pe Àjàkáyé, káfíńtà tó ń ti kẹ̀kẹ́ ara rẹ̀ kiri,
ẹni tí mọ́tò gba ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́nà Àrámọkọ.
Àtẹ̀gùn dá a dúró.
Ẹni tó wá tún ilé ṣe kò rí ilé wọ̀.
Abẹ́ ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ la ti ṣèpàdé, òjò ń ta sí wa létí aṣọ,
Yèyé na ọrùn lójú fèrèsé, ó ń dá sí i.

"Má fi ẹsẹ̀ tìrẹ wọn ilé ẹlòmíràn," Àjàkáyé ní.
"Ẹsẹ̀ bàtà kan ní gíga, méjìlá ní gígùn,
kó rọ̀ wọ̀ọ̀, bí ẹni ń rẹ ọmọ sùn."
Mo ṣírò. Mo tún un ṣírò. Ó lé ní ọgọ́ta!
Àgbàlá wa kò tó ìdajì rẹ̀,
igi ọsàn Yèyé sì dúró gbọnin láàárín.
Mo ní ká gé e.
Ohùn bọ́ láti òkè: "Gé ọwọ́ rẹ ná."

Bí ọ̀nà wa ṣe yí igi ọsàn po nìyẹn,
ó lọ, ó ṣẹ́rí, ó tún padà bọ̀;
níbi tó ti ṣẹ́rí, a mọ pèpéle kan síbẹ̀ fún ìsinmi.
N kò dán símẹ́ǹtì yìí. Ìgbálẹ̀ ni mo fi ha ojú rẹ̀,
kó lè di ẹsẹ̀ mú bí òjò bá dé.
Irin ìdìmú, mo ní kó ga dé àyà;
ọrùn ọwọ́ Yèyé ni Àjàkáyé wọ̀n.
A fẹ ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀. Owó tán ká tó dé yàrá ìdáná.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kẹjọ tí símẹ́ǹtì gbẹ,
mo jí, àga ojú fèrèsé ṣófo.
Àyà mi já. Mo sáré jáde:
ó wà lórí pèpéle, ọ̀pá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń bó ọsàn,
ìkùukùu ń wọ́ kọjá lórí páànù aládùúgbò,
adìyẹ kan sùn sórí àtẹ̀gùn kẹta.
Kò tilẹ̀ wẹ̀yìn.
"O pẹ́ kó o tó jí. Mo ti dé géètì lẹ́ẹ̀mejì.
Lọ bá mi pe Àjàkáyé.
Kó wá jẹun nínú ilé."