Iná Apá Kan

Èmi ni mo ń tọ́jú iná pápá bàálù
ní abúlé wa létí odò, ní Alásíkà,
níbi tí oòrùn oṣù Kejìlá kì í lò tó wákàtí mẹ́fà lójú ọ̀run.
Gílóòbù méjìlélógójì:
mọ́kànlélógún lápá ọ̀tún, mọ́kànlélógún lápá òsì.
Mo mọ̀ wọ́n bí ìyá ṣe mọ eyín ọmọ rẹ̀,
títí dórí èyí tí ajá Yako bù jẹ.

Evon, awakọ̀ òfurufú wa, a máa mu tíì nílé mi,
a máa tẹ́ àwòrán ilẹ̀ sórí tábìlì, láàárín búrẹ́dì àti ẹja gbígbẹ.
"Wassillie," ló wí, "kí n tó gbéra lálẹ́,
ibi tí mo lè máà dé ni mo kọ́kọ́ ń rò.
Ọ̀nà kan ò wọjà.
Epo tí yóò gbé mi dé ọ̀dọ̀ yín,
epo tí yóò gbé mi kúrò lọ́dọ̀ yín dé Tulukak,
àti epo ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta lé e,
fún ohun tí ẹnikẹ́ni ò tíì sọ lórúkọ."
Mo ní ṣé bẹ́ẹ̀ ni ìgbàgbọ́ rẹ kéré tó?
Kò rẹ́rìn-ín.
"Bí gbogbo iná bá kú, mo mọ ohun tí màá ṣe.
Iná apá kan ni mo ń bẹ̀rù.
Ìlà kan péré nínú òkùnkùn:
ṣé ọ̀tún mi ló wà, àbí òsì?
Ẹ̀gbẹ́ kan ilẹ̀ líle, ẹ̀gbẹ́ kejì odò.
Ojú tó ti rẹ̀ yóò yan èyí tó wù ú."

Lóru tí ìrọbí mú Nastasia, aya Yako,
ẹsẹ̀ ọmọ ló ń bọ̀ níwájú.
Olinka, nọ́ọ̀sì wa kan ṣoṣo, ké sí Evon lórí rédíò.
Èémí mi ti dì mọ́ irùngbọ̀n mi kí n tó gbúròó ẹ́ńjìnnì rẹ̀.
Ó tẹ bọ́tìnì ẹ̀ẹ̀meje látòkè, kí iná lè dá a lóhùn.
Apá òsì dáhùn.
Apá ọ̀tún dákẹ́ bí àna tí a ṣẹ̀.
Ilẹ̀ tó wú fún òtútù ti fa wáyà já.
Ó tún tẹ̀ ẹ́. Òsì nìkan.

Yako ní ká to alùpùpù yìnyín sí ọ̀tún.
Méjì péré ló níná,
kùrukùru sì ti ń rákò bọ̀ láti odò.
"Mo rí ìlà kan," ni Evon wí létí mi.
Ohùn rẹ̀ rọ̀, ó rọ̀ jù,
ohùn ẹni tó fẹ́ gba ara rẹ̀ gbọ́.
Mo sáré wọ ahéré tí ìdarí iná wà.
Mo pa apá òsì náà.

Òkùnkùn ò mọ ẹni ọ̀wọ̀. Yako gbá mi létí,
kò sì sẹ́ni tó dá a lẹ́kun;
èmi pẹ̀lú ì bá gbá ara mi.
Lókè, ẹ́ńjìnnì yí ká lẹ́ẹ̀kan, ó yí ká lẹ́ẹ̀kejì.
Lẹ́yìn náà: "Tulukak ni mo ń lọ. Epo mi tó."
Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré, epo mi tó,
kò tíì sí èyí tó dùn mí tó bẹ́ẹ̀, tó sì tún tù mí lára.

Ní agogo mẹ́rin, lábẹ́ tọ́ọ̀ṣì tí Yako fi eyín dì mú,
ọmọ náà dé. Obìnrin. Ìgè ni,
ó fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ wò kó tó gbé orí wọlé,
bí ẹni tí wọ́n ti sọ fún nípa tiwa.
Ẹ̀jẹ̀ Nastasia kò tètè dá. A ń wo fèrèsé, a ń ka wákàtí.

Ilẹ̀ mọ́ ní agogo mẹ́wàá kọjá. Evon balẹ̀,
ó gbé e lọ, ó sì gbé e padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.
Kò bi mí ní nǹkan kan. Ó kàn mu ife tíì méjì dípò ọ̀kan.

Yako ò tíì kí mi.
Bí ilẹ̀ bá ti fẹ́ ṣú, mo wà lórí ìkúnlẹ̀ lápá ọ̀tún,
mo ń gbọn yìnyín, mo ń yẹ wáyà wò:
gílóòbù kẹtàlá, ìkẹrìnlá,
èyí tí ajá rẹ̀ bù jẹ.