Ojú Ewé Kẹrin

Aago kan ti lù ní Òkè-Fíà.
Tíì ti tutù nínú kọ́ọ̀bù, èèrà ti yí i ká.
Alàájì Oyèwùsì ṣí fìlà, ó gbé e lé orúnkún,
ó ní, "Módínà, tún ibẹ̀ yẹn kà."
Mo kà á. Ẹ̀ẹ̀keje nìyẹn.

*A ó fa omi dé gbogbo ilé.*

"Yọ 'gbogbo' kúrò. Gbogbo ti pọ̀ jù."
Mo yọ ọ́.
"Fi 'láìpẹ́' sí i."
Mo fi sí i.
Mo wá dà bíi télọ̀
tí oníbàárà rẹ̀ ń rù sí i lórí ìjókòó:
bí mo ṣe ń gé e, bẹ́ẹ̀ ló tún ń tóbi jù.

Ó dìde, ó kọjú sí fèrèsé,
ó fi tọ́ọ̀ṣì ṣe máìkì,
ó kí èrò tí kò tíì dé: "Ẹ̀yin ènìyàn mi!"
Ajá aládùúgbò kan dá a lóhùn.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti mú iná lọ.
Tọ́ọ̀ṣì kò ní bátìrì.

A jókòó bẹ́ẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀, ó ní:
"Bàbá mi ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní réluwéè níbí.
Lọ́dún tí ọkọ̀ kò wá mọ́,
ó ṣì ń jí láago márùn-ún,
ó ń wọ yunifọ́ọ̀mù, ó ń lọ ṣí wíńdò.
Ìyá mi kò sọ fún un pé ó ti parí.
Odò Gbodofọ̀n ló ń lọ pọn omi sí
kó lè rí fi fọ kọ́là funfun yẹn.
Èmi ni mò ń ru korobá kejì."

Ohùn náà kéré. N kò gbọ́ ọ rí,
látọjọ́ tí mo ti ń bá a ṣiṣẹ́.
Bírò wà lọ́wọ́ mi, n kò kọ nǹkan kan.
Ojú ń tì mí
bí ẹni tó ṣèèṣì ṣílẹ̀kùn balùwẹ̀ bá àgbà.

Iná dé. Fáànù wúkọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí.
Alàájì dé fìlà rẹ̀, ó tún etí rẹ̀ ṣe.
"Níbo la bá a dé?"

Mo wo ìwé. Mo wo ojú rẹ̀.
"Ojú ewé kẹrin, sà.
Ibi tí ẹ ti fẹ́ fa omi. Láìpẹ́."

Ó gbé tọ́ọ̀ṣì sẹ́nu.
"Ẹ̀yin ènìyàn mi!"
Ajá náà kò dáhùn mọ́.