Ẹsẹ̀ Ẹ̀yìn Ẹṣin

Ọdún tí mo pé mẹ́jọ, èmi ni ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ẹṣin.
Orímólóyè ẹ̀gbọ́n mi ni orí, òun náà ni ẹsẹ̀ iwájú.
Páálí mílíìkì mẹ́rin ni ara wa,
Páskálì télọ̀ ló fi okùn àpò kòkó gán an pọ̀,
ó fi ẹfun kùn ún, ó fi aró tò ó lára,
ó ní ẹṣin òyìnbó kì í ní àwọ̀ kan ṣoṣo.
Ta ni yóò já a nírọ́?
Ta ló rí ẹṣin òyìnbó rí ní Odòjọmù?

Ìrù nìkan ló kù.
Orímólóyè wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn Yèyé,
níbi tí imọ̀ Sọ́ńdè Ọ̀pẹ ti ń gbẹ láti èṣí,
ó yọ ọ́, ó dì í, ó so ó mọ́ mi nídìí.
"Má sọ fẹ́nikẹ́ni," ó ní. "Ẹṣin kì í sọ̀rọ̀."

Ìrọ̀lẹ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀la ni Ọjọ́rú Eérú,
ẹran tó bá wà níkòkò, kó tán lónìí.
Títì kún láti Yábà dé Òkè Lísà,
agolo ń dún, ìdérí ìkòkò ń dáhùn.
Tíṣà Adénẹ́gàn, tí kì í rẹ́rìn-ín nílé ìwé,
wọ bùbá ìyàwó rẹ̀, ó ń fìdí gbá àwọn èèyàn.
Ìyá Fẹlisítà wọ aṣọ ọlọ́pàá,
ó dá ọlọ́kadà dúró, ó ní kó mú ìwé wá,
ọlọ́kadà sì ń tọwọ́ bọ àpò lóòótọ́.

Èmi kò rí wọn. Wọ́n ròyìn rẹ̀ fún mi ni.
Òkùnkùn ni ikùn ẹṣin, òórùn mílíìkì àti òógùn.
Gbogbo ohun tí mo rí nínú ayẹyẹ náà
ni gìgísẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi:
ọ̀tún ní àpá àdá oko kòkó,
òsì funfun fún eruku ọyẹ́.
Bó bá yà, mo yà.
Bó bá fò, mo fò.
Wọ́n ń pariwo "Ẹṣin o!", n kò mọ ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín,
èmi náà ń rín in nínú páálí.

Lẹ́nu géètì ṣọ́ọ̀ṣì, Katikíìsì Awóṣìká gbé agbada sílẹ̀,
ó ń gba imọ̀ èṣí tí wọn yóò sun fún eérú.
Yèyé dúró lọ́wọ́ òfo, ó ń gbé eku ilé ṣépè.
Mo gbọ́ ohùn rẹ̀.
Mo gbọ́ ìgbà tí ohùn náà dákẹ́.
Ọwọ́ kan di ìrù mi mú.
"Inú ẹ̀sìn ni mo bí yín sí," ó ní, "kì í ṣe inú ẹṣin!"
Ìrù já.

Katikíìsì kò bú wa.
Ó yẹ imọ̀ náà wò, ó gbọn eruku títì kúrò lára rẹ̀,
ó ní, "Ó ti jó. Ó kù kó jóná."

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, aró kò tíì tán létí wa.
Fadá ti àtàǹpàkò bọ eérú,
ó ní erùpẹ̀ ni wá, erùpẹ̀ la ó padà dà.
Orímólóyè bojú wẹ̀yìn, ó fọwọ́ kan iwájú orí:
"Ìrù wa nìyí."
Mo bú sẹ́rìn-ín. Yèyé fà mí létí títí dé ilé.

Ó lé lógún ọdún.
Orímólóyè ti ṣíwájú, bó ṣe máa ń ṣíwájú.
Kí n tó dé ọsibítù l'Ákùúrẹ́ wọ́n ti bò ó lójú,
aṣọ náà ni kò gùn tó.
Gìgísẹ̀ ọ̀tún. Àpá àdá.
Nọ́ọ̀sì ní ṣé mo fẹ́ wojú rẹ̀ kí ó dá mi lójú.
Mo ní rárá, mo ti mọ̀ ọ́n.

Bí eérú bá kàn mí níwájú orí báyìí,
àwọn tó yí mi ká a máa ronú ẹ̀ṣẹ̀ wọn.
Èmi a wo ilẹ̀,
ìsàlẹ̀ ẹni tó wà níwájú mi lórí ìlà,
bóyá gìgísẹ̀ kan á yà sósì,
kí n yà.