Kíka Àtẹ̀gùn

Mo gbé kámẹ́rà kọ́rùn, mo wọ Àgbádárìgì láàárọ̀ Sátidé.
Òjò ti rọ̀ mọ́jú, yanrìn ṣì ń mu omi lábẹ́ bàtà mi.
Wọ́n ní ìgbìmọ̀ ti dáwó, páànù tuntun ti dé,
lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọn yóò ṣí òrùlé kàtídírà,
kí n tètè wá ya ohun tó bá kù ní yíyà.

Baba Zínsù ló di kọ́kọ́rọ́ mú.
Kọ́kọ́rọ́ náà gùn ju ìka àárín mi lọ, ó ti dógùn-ún,
okùn àwọ̀n ẹja ni wọ́n fi so ó mọ́ bẹ́líìtì.
Mo ní, "Baba, ẹ jẹ́ n yà yín lẹ́nu ọ̀nà."
Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.
"Sálúbàtà ni mo wọ̀. Ta ní í wọ sálúbàtà wọnú fọ́tò?"

Inú ilé náà tutù bí ikùn ìkòkò.
Mo ya ìjókòó: orúkọ àwọn tó ni ín ti ń parẹ́,
ó ku lẹ́tà mélòó kan tí kò lè pe ẹnikẹ́ni mọ́.
Mo ya fèrèsé: áńgẹ́lì kan kò ní ojú òsì,
àfọ́kù ìgò ọtí ni wọ́n fi dí ihò náà,
oòrùn sì ń gba inú ìgò kọjá, ó ń tàn yẹ́ẹ́ sórí pẹpẹ,
kò sẹ́ni tó bá a wí.
Mo ya ikán. Ikán kò dúró dè mí.

"Ó ku ilé agogo," Baba ní.
"Má fara ti irin ọwọ́ ọ̀tún. Òpùrọ́ ni."
Ó ṣíwájú, ó ń kà á lábẹ́ èémí,
dókpó, àwè, àtọ̀n,
èmi ń kà á lẹ́yìn rẹ̀ ní Yorùbá,
òórùn ìgbẹ́ àdán gba gbogbo imú wa,
ògiri sún mọ́ wa bí ará ilé tó fẹ́ yáwó.

Lókè, mo ní, "Ọ̀kànlélógójì."
Ó ní, "Èjìlélógójì."
Mo rò pé èdè ló dà wá rú.
Ó mi orí. "Ìkejìdínlógún ti ṣẹ́ lọ́dún omíyalé.
A gbẹ́sẹ̀ kọjá lórí rẹ̀, o ò mọ̀.
Ibẹ̀ ni Ságbó, ìkejì mi, máa ń dúró sí
kó tó fa okùn tirẹ̀.
Mi ò lè yọ ọ́ kúrò nínú iye."

Kí lèèyàn ń fèsì sí irú èyí?
Mo sá pamọ́ sẹ́yìn kámẹ́rà.

Agogo rèé. Ó kéré sí bí a ṣe ń gbọ́ ọ.
Etí rẹ̀ kan ti sán. Ẹyẹlé yé ẹyin méjì sábẹ́ rẹ̀,
ó ń wò mí bí ẹni tí mo jẹ lówó.
Láti ojú ihò, ọ̀sà nà gbalaja bí aṣọ tí a sá,
ọkọ̀ mẹ́ta ń rán etí rẹ̀,
lẹ́yìn ọ̀sà, àwọn igi àgbọn Gbẹ̀rẹ̀fú,
lẹ́yìn àgbọn, ohun funfun kan tó ń mí,
òkun. Mo gbé ọwọ́ lé e kí n tẹ̀ ẹ́.
Bátìrì kú.

Baba rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà wọnú agogo,
agogo fi ohùn kékeré kan dá a lóhùn.
"Fi ojú yà á. Ojú kì í lo bátìrì."

Nísàlẹ̀, ó ní kí n dúró.
Ó wọ yàrá lọ, ó pẹ́ níbẹ̀. Ó jáde pẹ̀lú bàtà dúdú,
ó ti fi òróró àgbọn nù ún, ó ń kọ mànà.
Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ṣún díẹ̀ sápá òsì,
ó fi àyè sílẹ̀ lápá ọ̀tún.
Mo gbé kámẹ́rà sójú. Mo tẹ̀ ẹ́. Kò dún.
"Ó jáde?"
"Ó jáde, Baba."
Kò kúrò níbẹ̀.
"Ya ìkejì," ó ní.
Mo ya ìkejì.